Igbà Tí A Kò Mọ Ẹni Tó Hun Ún: Ọ̀rọ̀ Lórí Irin Ògbólógbòó Ara Àpáta

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ níwájú àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Lexington àti agbègbè rẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Kentucky, Amẹ́ríkà. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo kọ ọ́. Àwọn ibi tí mo ti ń wúkọ́ nìkan ni mo yọ kúrò.

Alága ìpàdé, mo júbà. Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ̀yin tí ẹ ti ibi iṣẹ́ òru gba ibí wá láìtíì fojú kan oorun, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ jókòó sẹ́yìn, tí ẹ ń tẹ fóònù, ẹ̀yin náà ẹ kú ìjókòó. Ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju bí ẹ ṣe rò lọ, torí mo mọ àwọn tí mo ti rí nínú yín lẹ́sẹ̀ àpáta tí ẹ ò sọ fún ìyá yín. [Ẹ̀rín]

Nígbà tí akọ̀wé wa pè mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní gbogbo Sátidé lẹ máa ń lọ so rọ̀ lára òkúta bí àdán. Ṣé kò sí o?" Mo ní kò sí. Ó ní, "Ṣé wọ́n ń sanwó fún yín ni?" Mo ní rárá, èmi gan-an ni mò ń da epo sí mọ́tò mi. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Ẹ wá ṣàlàyé ara yín nílé." Àlàyé náà ni mo wá ṣe.

Igbà bàbá mi àgbà

Bàbá tó bí bàbá mi, adẹ́mu ni. Orí ọ̀pẹ ló ti rí owó tó fi rán bàbá mi nílé ìwé. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní abúlé, ẹ mọ igbà: okùn tí adẹ́mu fi ń gbá ara rẹ̀ àti ọ̀pẹ mọ́ra. Bí igbà bá já, ọ̀rọ̀ tán nìyẹn. Láràárọ̀, kí bàbá tó kúrò nílé, á fi ẹsẹ̀ tẹ apá kan igbà mọ́lẹ̀, á fa apá kejì, á fi àtàǹpàkò tọ ojú kókó rẹ̀ yí ká, á wá gbé e sí imú. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló ń gbóòórùn rẹ̀ fún. Ó ní igbà tó bá ti fẹ́ jẹrà, imú ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀ kí ojú tó mọ̀.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á wá yá ọ̀bẹ, á fún wọn. Wọ́n á wá tọrọ akèrègbè, á fún wọn. Ṣùgbọ́n igbà? Ó tì o. Bàbá kì í yá ènìyàn ní igbà, kì í sì í yá ti ẹlòmíràn lò.

Ẹ wá wo ohun tí ọmọ ọmọ rẹ̀ ń ṣe nílẹ̀ yìí. Igbà tí n kò mọ ẹni tó hun ún, tí n kò mọ ọdún tó hun ún, tí n kò mọ̀ bóyá ó ṣì wà láyé, òun ni mo ń gbé gbogbo ara mi kọ́ níbi tó ga ju ilé alájà mẹ́fà lọ. Èmi nìkan kọ́ ni mò ń ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo àwa tí a ń gun àpáta ni. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lónìí.

Kí ló wà lára àpáta yẹn?

Nǹkan bíi wákàtí kan sí ibi tí a jókòó sí yìí, ní ìhà ìlà-oòrùn, ni Red River Gorge wà. Òkúta iyanrìn ni ibẹ̀, ó dúró ṣánṣán bí ògiri, àwọn ibòmíràn sì yọrí síta bí ìbòrí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ènìyàn ń ti Jámánì àti Japan wá gùn ún. Kì í ṣe bí ìgbà tí a gun Olúmọ o! Ní Olúmọ, àtẹ̀gùn wà, ẹ lè mú ìyá àgbà dání. Ti ibí yìí, ìka ọwọ́ àti ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi.

Ẹni tó ń gùn so okùn mọ́ ìgbànú. Ẹnìkejì rẹ̀ dúró nílẹ̀, ó di okùn náà mú. Bí ó ṣe ń lọ sókè, ó ń bá bóòtù pàdé lára àpáta, èyí tí ẹni tó kọ́kọ́ la ọ̀nà náà ti fi dírílì lu ihò fún. Ẹ̀yin mẹkáníìkì tó wà níbí, ẹ máa mọ̀ ọ́n bí ẹ bá rí i. Wọ́n á ki bóòtù bọ ihò, wọ́n á fi sípánà yí nọ́ọ̀tù rẹ̀. Bí nọ́ọ̀tù ṣe ń yí ni ìdí bóòtù ń fẹ̀ nínú ihò, tí á fi há mọ́ òkúta pinpin. Níta, irin pẹlẹbẹ kan tó ní ojú á yọ bí etí. Etí yẹn la ń fi ìkọ́ kọ́, a sì ń fi okùn sínú ìkọ́. Lókè pátápátá, òrùka irin méjì ló máa ń wà níbẹ̀. Inú wọn la ń ki okùn sí kí ẹni tó wà nílẹ̀ lè sọ wá kalẹ̀.

Bóòtù tó bá bá ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù mu gbọ́dọ̀ gba agbára 25 kilonewton tí a bá fà á sísàlẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ó dà yín láàmú: ìwúwo nǹkan bíi kílò 2,500 nìyẹn. Ẹ so odindi Corolla rọ̀ lórí bóòtù kan ṣoṣo, kò ní mi. Kí wá ni ìṣòro? Ìgbà tó ṣì wà ní tuntun nìyẹn o! Kò sí ẹni tó lè fojú wò ó kó sọ fún mi pé iye báyìí ló ṣì lè gbé lẹ́yìn ogún ọdún nínú òjò àti yìnyín.

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sí ìkejì. Àwọn àgbà ní gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Bóòtù gan-an nìyẹn. Omi ń wọ inú ihò, ó ń jókòó síbẹ̀. Etí tó wà níta lè máa dán gbinrin, kí èyí tó wà nínú ti dípẹtà tán. Nígbà mìíràn, ẹni tó la ọ̀nà rí etí sitẹnlẹ́ẹ̀sì rà, kò rí bóòtù sitẹnlẹ́ẹ̀sì, ó bá fi bóòtù lásán tì í. Irin méjì tí kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà, bí omi bá wà láàárín wọn, ọ̀kan á máa jẹ èkejì. Mo ti yí nọ́ọ̀tù kan rí tí n kò lo sípánà. Ìka mi méjì yìí ni mo fi yí i. Etí yẹn ń dán, ẹ̀yin ènìyàn mi, ó ń dán!

Ẹ má sì rò pé sitẹnlẹ́ẹ̀sì ni òpin ọ̀rọ̀. Ní Thailand, ní Railay, níbi tí àpáta ti ń bá òkun fojú kojú, bóòtù sitẹnlẹ́ẹ̀sì tí gbogbo ayé ń gbẹ́kẹ̀ lé bẹ̀rẹ̀ sí í kán láàárín ọdún díẹ̀. Iyọ̀ òkun ló ń la irin náà sí wẹ́wẹ́ láti inú, tí ojú kò sì rí i. Àwọn tó ń tún ibẹ̀ ṣe ní láti lọ sórí titanium, wọ́n sì ń fi àtè líle lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ihò. Owó gọbọi ni. Ẹni tó ń gùn ún lónìí kò mọ ẹni tó san án.

Ti ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, iyanrìn ni ọ̀tá. Iyanrìn ń lẹ̀ mọ́ okùn, okùn á wá di sáńpépà. Ó ń kọjá lórí ìkọ́, ó ń kọjá, ó ń kọjá, ní gbogbo Sátidé àti Àìkú, títí tí ìkọ́ á fi jẹ wọnú.

Mo mú ọ̀kan wá. [Mo yọ ọ́ láti inú àpò.] Ẹ máa gbé e kiri, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ màmá tó wà níwájú. Alumíníọ̀mù ni. Ẹnì kan fi í sílẹ̀ lórí àpáta kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn má baà máa gbé tiwọn gùn. Ìfẹ́ ló fi ṣe é. Màmá, ẹ wo ibi tí okùn ti gbẹ́ ẹ, bí ìgbà tí àgbàrá gbẹ́ ẹ̀yìnkùlé. Ìdajì rẹ̀ ti lọ. Ẹ fi ìka tọ́ etí ibi tó gbẹ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ rọra o, ẹ rọra! Ẹ rí i? Ó mú bí abẹ ìfárí. Okùn tó ń gbé ènìyàn ló ń gba orí abẹ yẹn kọjá. Tí ènìyàn bá já bọ́, tí okùn fà le lójijì lórí rẹ̀, okùn tí wọ́n rà lánàá lè já. Ó ti já rí. Ìkọ́ àkọ́kọ́ nísàlẹ̀ ló sì máa ń tètè dà báyìí, torí ibẹ̀ ni okùn ti ń ṣẹ́rí láti ọwọ́ ẹni tó dúró nílẹ̀.

Yorùbá ní ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹni tó pa òwe yẹn, ṣùgbọ́n mo fẹ́ bá a jiyàn díẹ̀. Lára àpáta tiwa, ẹnu àáké gan-an ni kí o máa wò. Todd Skinner, ọ̀kan nínú àwọn ìlúmọ̀ọ́ká nínú iṣẹ́ yìí, já bọ́ ní Yosemite, ní ìpínlẹ̀ California, lóṣù Kẹwàá ọdún 2006, ó sì kú. Ojú ìgbànú tó so mọ́ra ló já. Ó ti gbó. Kì í ṣe pé kò mọ̀ o. Wọ́n ti sọ fún un, ó sì ti ní kí wọ́n fi tuntun ránṣẹ́ sí òun. Ìgbànú tirẹ̀ nìyẹn, tó ń rí lójoojúmọ́. Mélòó mélòó wá ni bóòtù tí kò sí ẹni tó ń rí inú rẹ̀?

Ta ló ni ín?

Ìbéèrè tó máa ń dá mi dúró lójú ọ̀nà nìyí. Ta ló ni bóòtù ara àpáta?

Ní ọdún 1958, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Warren Harding àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gun El Capitan ní Yosemite, àpáta tó ga tó nǹkan bíi 3,000 ẹsẹ̀ bàtà, tí ẹnì kan kò tíì gùn rí. Lálẹ́ tó kẹ́yìn, Harding so rọ̀ nínú òkùnkùn, ó ń fi òòlù lu ihò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti lu bóòtù 28. Gbogbo ayé mọ orúkọ Harding. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi mí pé ta ló yọ àwọn bóòtù ayé ìgbà yẹn, àwọn tó tín-ín-rín bí ìka ọmọdé, nígbà tí wọ́n gbó? Ẹ rí i pé ilé dákẹ́.

Nígbà tó di ọdún 1998 ni Chris McNamara dá American Safe Climbing Association sílẹ̀, ẹgbẹ́ tó ń pààrọ̀ bóòtù ògbólógbòó, torí pé òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń rí àwọn bóòtù tẹ́ẹ́rẹ́ wọ̀nyí lórí El Capitan. Ogójì ọdún gbáko lẹ́yìn Harding! Láàárín ogójì ọdún yẹn, gbogbo ẹni tó ń kọjá ń wò wọ́n, ó ń gbàdúrà, ó ń kọ́ ìkọ́ rẹ̀, ó ń bá tirẹ̀ lọ. Ẹ má bú wọn. Ṣé ẹ rántí títì tó wà níwájú ilé wa ní Nàìjíríà? Gbogbo wa ń yà fún kòtò kan náà lójoojúmọ́, a sì mọ kòtò náà bí ẹni mọ ọmọ ìyá rẹ̀.

Ẹnì kan wà tí ìtàn rẹ̀ ń dùn mọ́ mi, torí alágbẹ̀dẹ ni. Yvon Chouinard, ẹni tó wá dá iléeṣẹ́ aláṣọ Patagonia sílẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní ọdún 1957, ó ra ẹ̀rọ àgbẹ̀dẹ àlòkù, ó kọ́ ara rẹ̀ ní iṣẹ́, ó ń rọ ìṣó pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbá bọ ojú sísán àpáta. Ó ń tà á ní dọ́là kan àti ààbọ̀. Iṣẹ́ náà dàgbà títí tí ìṣó fi jẹ́ nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ọjà rẹ̀. Ìgbà tó wá padà lọ gun El Capitan, ó rí i pé ìṣó òun ti ba àpáta jẹ́. Gbígbá wọlé, gbígbá jáde, ojú sísán ti fẹ̀, ó ti di egbò. Kí ló ṣe? Ó jáwọ́ nínú rẹ̀. Ní ọdún 1972, ó gbé ìwé ọjà jáde tó fi ń sọ fún oníbàárà pé kí wọ́n yé ra ìṣó, kí wọ́n máa lo alumíníọ̀mù tí à ń fi ọwọ́ há sójú sísán, tí à ń fi ọwọ́ yọ. Alágbẹ̀dẹ tó dojú ìjà kọ ọjà ara rẹ̀! Ẹ̀yin oníṣòwò inú wa, ta ló lè ṣe bẹ́ẹ̀? [Ẹnì kan ní: "Kì í ṣe èmi!" Ẹ̀rín.]

Níhìn-ín, àwọn kan ti gbìyànjú láti jẹ́ onílé. Ní ọdún 2004, Red River Gorge Climbers' Coalition dáwó ra ilẹ̀ tó ju acre 700 lọ, àpáta tó wà lórí rẹ̀ sì di ti àwọn tó ń gùn ún. Lọ́dún náà, tọkọtaya Weber ṣí Muir Valley, ilẹ̀ àpáta tiwọn, sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, wọ́n sì fi ilẹ̀ náà ta ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú rẹ̀ lọ́rẹ ní ọdún 2015. Ilẹ̀ ti ní onílẹ̀ báyìí. Ta ló ni bóòtù? Ẹni tó bá gbé sípánà ló ni ín.

Ọ̀wẹ̀

Ẹ̀kẹta. Àwọn òyìnbó ń pe ohun tí à ń ṣe ní oríṣiríṣi orúkọ, ṣùgbọ́n nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, orúkọ tó wá sí mi lọ́kàn ni ọ̀wẹ̀. Àwọn agbalagba inú wa rántí ìmọ́tótó àyíká ayé ìjọba ológun, tí sójà dúró ní títì kí ènìyàn má jáde. Èyí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí sójà. Ènìyàn bí ogójì á pàdé ní aago mẹ́jọ, kọfí á wà, búrẹ́dì á wà, a ó pín ara wa.

Àwọn kan á gbá ìsàlẹ̀. Ẹ ò ní gbàgbọ́ ohun tí à ń ṣà: àmukù sìgá, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ (wọ́n ní á jẹrà fúnra rẹ̀, ẹ wá wò ó lẹ́yìn oṣù méjì), ìgbẹ́ ajá tí wọ́n fi ọ̀rá dì dáadáa tí wọ́n wá fi sílẹ̀ síbẹ̀, àti bébà tẹ́ẹ̀pù tí wọ́n fi ń di ìka, funfun báláú káàkiri. Ní Yosemite, irú ọ̀wẹ̀ báyìí ń wáyé lọ́dọọdún láti ọdún 2004. Facelift ni wọ́n ń pè é, Ken Yager ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwọn mìíràn á tún ọ̀nà ṣe, kí òjò má baà wọ́ ilẹ̀ lọ.

Àwa díẹ̀ á gòkè. Iṣẹ́ tèmi ni láti yọ bóòtù. Láyé àtijọ́, wọ́n á kàn fi òòlù gé orí rẹ̀ dànù, wọ́n á lu ihò mìíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn bí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, àpáta á dà bí ara ẹni tí ilẹ̀ẹ́gbóná bá jà. Ní báyìí, à ń fà á jáde lódindi, a ó gbọn eruku inú ihò, a ó lu ihò kan náà fẹ̀ díẹ̀, bóòtù tuntun á wọbẹ̀. Ihò tí kò bá ṣeé lò mọ́, a ó po ìyẹ̀fun òkúta ibẹ̀ mọ́ àtè, a ó fi dí i. Ẹ lè dúró níwájú rẹ̀ kí ẹ má mọ̀ ọ́n. Ìkọ́ alumíníọ̀mù tó wà lókè, a ń fi irin líle pààrọ̀ rẹ̀, torí òun máa ń pẹ́ lábẹ́ iyanrìn.

Inú ilẹ̀ tí òfin 1964 dáàbò bò gẹ́gẹ́ bí aginjù, dírílì oníná kò gbọdọ̀ dún. Ọwọ́ ni. Òòlù, ìyípo díẹ̀, òòlù, ìyípo díẹ̀. Lára òkúta líle, ihò kan lè gba ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 2023, àwọn iléeṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ọgbà àti igbó fẹ́ ka bóòtù sí ohun èèwọ̀ nírú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, àyàfi bí wọ́n bá yọ̀ǹda. Ariwo ta. Lóṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, wọ́n buwọ́ lu òfin EXPLORE Act, tó fàyè gbà á lábẹ́ ìlànà. Èmi ò rò pé àwọn tó fẹ́ kà á léèwọ̀ jẹ́ ọ̀tá wa. Tí a bá fi irin jíjẹrà sílẹ̀ káàkiri, kí la fẹ́ kí wọ́n rò?

Gbogbo ènìyàn fẹ́ di dírílì mú, tórí ó ń dún, wọ́n sì ń ya fọ́tò ẹni tó dì í mú. Ìwé ni mo fẹ́ràn jù. Mo ní ìwé kékeré kan tí mo fi ń kọ ọjọ́ tí a wọ bóòtù, irú irin tó jẹ́, bí ihò ṣe jìn tó, bí òkúta ṣe dún nígbà tí a fi òòlù kàn án. Wọ́n lè má tíì bí ẹni tó máa wá yọ ọ́. Òun ni mò ń kọ̀wé sí.

Ọ̀bẹ mi ọdún kìn-ín-ní

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí kí n tó jókòó, torí bí mi ò bá sọ ọ́, ẹlẹ́rìí mi kan jókòó síbẹ̀ yẹn, á sọ ọ́. Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ dara pọ̀ mọ́ wọn, ìtara ń pa mí. Mo gun ọ̀nà àtijọ́ kan, mo dé orí pẹpẹ kan, mo rí okùn àlòkù bíi mẹ́fà tí wọ́n so gba inú ihò òkúta. Oòrùn ti pá wọn, pupa ti di funfun, alángbá ń gbé inú wọn. Mo ní, "Ẹ̀gbin rèé!" Mo fa ọ̀bẹ yọ, mo gé gbogbo rẹ̀, mo fi sínú àpò, mo gba òkè rìn lọ sílé pẹ̀lú ìgbéraga. Mo ní màá mú tuntun wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, ọmọdé méjì, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, gun ibẹ̀. Inú okùn wọ̀nyẹn ni ìwé ìtọ́nà sọ fún wọn pé wọ́n á gbà sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n débẹ̀, wọn ò bá nǹkan kan. Wọn ò mọ bí wọ́n ṣe lè gba òkè. Wọ́n jókòó sórí pẹpẹ yẹn títí ilẹ̀ fi ṣú, òtútù ń jẹ wọ́n, kí ẹnì kan tó gbọ́ igbe wọn.

Ẹni tó lọ mú wọn sọ̀ kalẹ̀ ni ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, bàbá òyìnbó kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò pariwo. Ó kàn bi mí pé, "Tuntun dà?" Mo ní mo máa mú un wá. Ó tún ní, "Tuntun dà?" Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló bi mí, ó wá fi fóònù sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, n kì í fọwọ́ kan ògbólógbòó bí tuntun kò bá sí nínú àpò mi.

Ó dáa, aago ti lọ, mo rí i tí alága ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀wẹ̀ tó kàn jẹ́ Sátidé kejì oṣù tó ń bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ lé mi, kó pàdé mi ní aago mẹ́fà ààbọ̀ ní gbàgede ibi ìgbọ́kọ̀sí yìí. Kò pọn dandan kí ẹ gun nǹkan kan, ọwọ́ tó lè ṣa ìdọ̀tí ti tó. Ẹ wọ bàtà tó dì yíká, kì í ṣe sálúbàtà o. Àwọn ìyá tó bá fẹ́ bá wa se mọ́ínmọ́ín, a ò ní kọ̀ ọ́.

Ta ni ìkọ́ mi wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fi ṣeré. Ẹ gbé e padà wá fún mi. Inú ìwé mi ni nọ́ńbà rẹ̀ wà, n kò tíì kọ ibi tó parí sí.